Káńsẹ́lọ̀ ní ká mú ohun mẹ́ta péré wá: kí ni kí àdúgbò kọ́kọ́ béèrè?

Akọ̀wéÀdúgbò · Ọjọ́ Àìkú, 7:12 alẹ́

Ẹ̀yin ọmọ Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nílé lóko, mo kí yín o. Èmi ni akọ̀wé CDA, ìyẹn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa. N kò ní dárúkọ ìlú, ẹni tó bá mọ̀ mí á ti mọ̀ mí. Ní ìpàdé wa tó kọjá, káńsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù wa yọjú sí wa, ó ní àwọn fẹ́ jókòó lórí bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún tó ń bọ̀, kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan mú ohun mẹ́ta wá tí wọ́n bá fẹ́ kí káńsù kọ́kọ́ mójú tó. Mẹ́ta péré. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀ tí gbogbo ilé fi gba ariwo. Olórítún, ìyẹn olórí àdúgbò wa, ní gọ́tà. Ìyá kan ní iná ojú pópó. Àwọn ọ̀dọ́ ní pápá ìṣeré. Ẹnì kan ní táńsífọ́mà, ẹnì kan ní bọ́ọ̀hóòlù, ẹnì kan ní àgọ́ ọlọ́pàá, bàbá kan tilẹ̀ ní kí wọ́n bá òun gba ilẹ̀ òun padà lọ́wọ́ àbúrò òun. Nígbà tí mo máa wo ìwé tí mo ń kọ, ó ti kún tojú tẹ̀yìn.

Wọ́n fún wa ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan láti yàn. Ẹ̀yin tó ti bá irú èyí pàdé rí, báwo lẹ ṣe ṣe é? Mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká fi òṣèlú wọ̀ ọ́.

Gbẹ́borùnRẹ́mọ · 7:20 alẹ́

Ẹ ń sọ̀rọ̀ káńsẹ́lọ̀, ẹ ní ká má fi òṣèlú wọ̀ ọ́. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ti ra ẹ̀pà àti gúgúrú, iwájú ni mo jókòó sí.

Ọ̀dọ́Igbó · 7:41 alẹ́

Iná ojú pópó ni, kò sí méjì. Ọ̀dọ̀ wa ní Ìjẹ̀bú-Igbó, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ṣe ni àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ máa ń dúró de ara wọn kí wọ́n lè jọ rìn lọ sílé, kí ẹnikẹ́ni má baà já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹ wá lọ wo ibi tí iná bá wà: alákàrà wà níbẹ̀, aláṣùyà wà níbẹ̀, ẹni tó ń fi POS sanwó fún èèyàn wà níbẹ̀, wọ́n á sì tajà di aago mẹ́wàá. Iná ń bọ́ èèyàn. Ti sólà ló wà lóde báyìí, kò sí pé ẹ ń sanwó iná oṣooṣù. Ẹ kọ ọ́ sí ipò kìíní, ẹ jẹ́ kí àwọn yòókù máa jà.

ÌyáOnígàrí · 8:05 alẹ́

Ìwọ ọmọ yìí, máa pariwo iná. Kí òjò kan rọ̀ ná.

Gàrí ni mò ń tà, gàrí Ìjẹ̀bú tó kan dáadáa. Bí omi bá kan ìsàlẹ̀ àpò kan, àpò yẹn ti di oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀. Gọ́tà tó wà níwájú ìsọ̀ wa, ọ̀rá píọ̀ wọ́tà àti yanrìn ló kún inú rẹ̀, koríko ti hù lé e. Wọ́n máa ń wá kó o o, n kò ní parọ́ mọ́ wọn. Wọ́n á kó ẹrẹ̀ yẹn jáde, wọ́n á kó o jọ sí etí gọ́tà níbẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó di gbére. Kò sí ọkọ̀ tí yóò wá gbé e. Òjò tó bá tẹ̀ lé e á da gbogbo ẹrẹ̀ náà padà síbi tí wọ́n ti kó o. Bí a ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn.

Kí n sì sọ ti àwa ọlọ́jà náà, kí ẹ má baà ní mo gbè sẹ́yìn ara wa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló to pákó lé gọ́tà, tí a pàtẹ lé e lórí. Ẹni tó bá wá kó gọ́tà kò ríbi ki ṣọ́bìrì bọ̀. Tí wọ́n bá ní ká kó o kúrò, a ó bú wọn. Ìyẹn náà wà níbẹ̀.

ỌmọMákun · 8:33 alẹ́

Gbogbo yín ẹ ń sọ̀rọ̀ gọ́tà àti iná, kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ títì! Ẹ wá wo ọ̀nà Ṣàgámù sí Ìkòròdú, níbi Ògijo. Tírélà kan á yẹ̀ gẹ̀rẹ̀, gbogbo ọ̀nà á dí, iṣẹ́ á lọ lọ́wọ́ ẹni. Kí ni àwọn káńsẹ́lọ̀ ń ṣe láti ìgbà yìí wá? Mo gbà pé títì ni kí Akọ̀wé kọ sókè.

BàbáFẹ̀yìntì · 9:10 alẹ́

ỌmọMákun, ọmọ mi, ìjọba àpapọ̀ ló ni ọ̀nà yẹn. Bí o bá kọ ọ́ sí ìwé káńsù, wọ́n á kà á, wọ́n á mi orí, wọ́n á sì fi sínú dúrọ́ọ̀.

Mo ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka ìṣúná ìjọba ìbílẹ̀ kí n tó fẹ̀yìn tì, ní ju ìlú kan lọ láàárín Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ. Akọ̀wé, kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í to nǹkan sí ipò kìíní àti ìkejì, kọ́kọ́ wo ohun tó jẹ́ ti káńsù. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin 1999 ti to iṣẹ́ wọn sílẹ̀: ọjà, gáréèjì, ibi ìsìnkú, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ gbogbogbòò, ibi tí wọ́n ti ń pa ẹran, ọ̀nà àdúgbò, gọ́tà, iná ojú pópó, kíkó ìdọ̀tí, sísọ òpópónà lórúkọ, fífi nọ́ńbà sára ilé, kíkọ orúkọ ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó kú àti ẹni tó gbéyàwó sílẹ̀. Ní ti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ètò ìlera, òfin ní kí wọ́n bá ìpínlẹ̀ lọ́wọ́ sí i. Ọlọ́pàá kò sí níbẹ̀. Táńsífọ́mà kò sí níbẹ̀. Ti ilẹ̀ bàbá yẹn náà, ilé ẹjọ́ ni kó lọ, tàbí kó lọ bá mọ̀lẹ́bí.

Mú bírò pupa, fa igi sórí gbogbo ohun tí kì í ṣe tiwọn. Wàá rí i pé ìwé rẹ á fúyẹ́. Kì í ṣe pé ẹ ò lè bẹ alága kó bá yín gbé ọ̀rọ̀ táńsífọ́mà lọ síwájú, àmọ́ ẹ̀bẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì.

Gbẹ́borùnRẹ́mọ · 9:16 alẹ́

Bàbá, ẹ fo ọmọlanke. Ìwé òfin kan náà ló ní káńsù ni kó máa fún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ, báárò àti ọmọlanke ní láísẹ́ǹsì. Ẹ jẹ́ ká fi báárò ṣe nọ́ńbà kìíní.

BàbáFẹ̀yìntì · 9:25 alẹ́

Òótọ́ lo sọ, ó wà níbẹ̀. Bi àwọn tó ń ti báárò lọ́jà, wọ́n á sọ fún ọ pé iṣẹ́ yẹn nìkan ni káńsù kì í gbàgbé. Àárọ̀ kùtù ni tíkẹ́ẹ̀tì ti ń dé.

Ọ̀dọ́Igbó · 9:48 alẹ́

Bàbá, ẹ ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Yíyàn wo là ń yàn nígbà tí owó kò sí lọ́wọ́ wọn? Ní 2023, alága Ìjẹ̀bú East kọ lẹ́tà sí Olóyè Ṣẹ́gun Ọ̀ṣọbà, gómìnà ìpínlẹ̀ wa tẹ́lẹ̀, pé owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ kì í dé ọ̀dọ̀ àwọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ta ló wá dá alága náà dúró? Àwọn káńsẹ́lọ̀ rẹ̀ náà ni. Ẹ tún wo ìbò November 16, 2024: ipò alága 20 tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, APC ló kó gbogbo rẹ̀. Nínú ilé tí gbogbo ẹnu ti jẹ́ ẹnu kan, ta ni yóò béèrè pé ibo ni owó gọ́tà wọlé sí?

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a ní July 11, 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ wọn. Ọ̀rọ̀ ti tán níbẹ̀ fún mi. Kí wọ́n gba owó wọn, kí wọ́n ṣiṣẹ́.

Akọ̀wéÀdúgbò · 9:55 alẹ́

Ọ̀dọ́Igbó, mo ní ká má fi òṣèlú wọ̀ ọ́ o.

Ọ̀dọ́Igbó · 9:57 alẹ́

Ìtàn ni mo sọ, ẹ̀gbọ́n. Mi ò dìbò fún ẹnikẹ́ni níbí.

BàbáFẹ̀yìntì · Ọjọ́ Ajé, 6:30 àárọ̀

Ẹ jẹ́ kí n dáhùn, nítorí ìbéèrè tó dáa ni. Ìdájọ́ ti wáyé, ìmúṣẹ rẹ̀ ló ṣì ń fa awuyewuye. Ẹ̀ka 162 nínú ìwé òfin ló dá àpò àjùmọ̀lò ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ yọ owó oṣù olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, ìpín àwọn ọba, àti owó àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fúnra wọn. Ní 2024, owó oṣù tó kéré jù gòkè dé ₦70,000 fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbé tiwọn dé ₦77,000. Inú mi dùn sí i, òṣìṣẹ́ lèmi náà tẹ́lẹ̀. Àmọ́ ibi tí owó oṣù bá ti gòkè, ohun tó kù fún iṣẹ́ ìlú á dín kù, àfi kí owó tó ń wọlé náà gòkè.

Nítorí náà, bí gbogbo owó bá tilẹ̀ dé ọwọ́ wọn lọ́la láìyọ kọ́bọ̀, ẹ ó ṣì ní láti yàn. Ohun tí ẹ lè fi owó ṣe kì í tó ohun tí ẹ fẹ́. Káńsẹ́lọ̀ tó ní kí ẹ mú mẹ́ta wá, inú tèmi dùn sí i. Nígbà tiwa, alága àti ọ̀gá ẹ̀ka iṣẹ́ ló máa jókòó sínú yàrá kan, wọ́n á kọ ohun tó wù wọ́n.

Ohun kan tí èèyàn kì í mọ̀: káńsẹ́lọ̀ kì í ṣe agbaṣẹ́ṣe. Kò ní owó lọ́wọ́ tó lè fi ṣe gọ́tà fún yín. Ìbò kan ló ní nínú ilé aṣòfin káńsù, agbára rẹ̀ kò sì ju pé kó ní "mo fara mọ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì yìí" tàbí "n kò fara mọ́ ọn", kó sì máa yẹ iṣẹ́ alága wò. Nítorí náà, ìgbà tí ìwé yín bá dé ọwọ́ rẹ̀ kí bọ́jẹ́ẹ̀tì tó kọjá ni agbára wà. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

ỌmọÌjẹ̀búLọ́ńdọ̀n · Ọjọ́ Ajé, 10:02 àárọ̀

Ẹ kú ìjíròrò o. Mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ìlú kan wà ní Bùràsíl, Porto Alegre, tó bẹ̀rẹ̀ irú nǹkan yìí ní 1989. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan á pé jọ, wọ́n á to ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n á yan aṣojú tí yóò máa bá wọn lọ sí ìpàdé bọ́jẹ́ẹ̀tì ìlú. Ohun tó wù mí jù níbẹ̀ ni pé kì í ṣe ariwo ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń pín owó. Àdúgbò tí omi àti kòtò ẹ̀gbin kò dé rárá, wọ́n á fún un ní máàkì tó pọ̀ ju àdúgbò tó ti ní lọ. Iye ènìyàn tó ń gbé níbẹ̀ náà ní máàkì tirẹ̀. Kòtò ẹ̀gbin, omi àti títì wà lára ohun tí àwọn aráàlú ń yàn jù nígbà náà. Ọ̀pọ̀ ìlú ló ti lọ kọ́ ọ níbẹ̀.

Kí ló dé tí a ò lè ṣe bẹ́ẹ̀ nílé?

ÌyáOnígàrí · 10:40 àárọ̀

Ọmọ mi tó wà ní Lọ́ńdọ̀n, ó ti dáa. Ṣùgbọ́n ta ló máa jókòó ìpàdé? Ìpàdé CDA tí a ní yìí náà, àwọn onílé ló ń lọ. Àwọn ayálégbé kì í lọ, wọ́n ní kì í ṣe ìlú àwọn. Àwa ọlọ́jà kì í lọ, torí ọjà la wà. Ẹni tó ní àyè láti jókòó ló ń yàn fún ẹni tí kò ní àyè. Ẹ fi ìyẹn sínú máàkì yín.

ÌtànÌjẹ̀bú · 11:15 àárọ̀

ÌyáOnígàrí, ẹ wí ire. Ṣùgbọ́n kí a má tíì lọ sí Bùràsíl, Ìjẹ̀bú-Òde fúnra rẹ̀ ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ní 1998 sí 1999, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Mábògùnjẹ́, àgbà onímọ̀ jọ́gíráfì tó kú ní 2022, pẹ̀lú àtìlẹ́yìn Aláyélúwà Ọba Síkírù Káyọ̀dé Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ìgbà náà, pe gbogbo ìlú jọ lórí ọ̀rọ̀ ìṣẹ́. Wọ́n kọ́kọ́ jáde lọ bi àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń jẹun, kí wọ́n tó wá jókòó. Ohun tó jáde níbẹ̀ ni ìgbìmọ̀ tó mójú tó yíyá àwọn ènìyàn lówó ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́ àti kíkọ́ wọn níṣẹ́. Oko ẹja Eriwe tí ẹ ń gbọ́ yẹn, ibẹ̀ ló ti jáde. Àwọn aláròóbọ̀ ẹja láti Èkó ń wá rà níbẹ̀.

Ẹ kíyè sí i: àwọn tó pe ìpàdé náà lè ti ní èrò tiwọn lọ́kàn, wọ́n lè ti lọ ṣe títì kan. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bi àwọn ènìyàn, owó tí wọ́n máa fi ṣòwò ló gbé wọn lọ́kàn.

Àwa náà tún ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Ìpèjọ ọjọ́ Ojúde Ọba kọ́ ni gbogbo iṣẹ́ wọn, kì í ṣe aṣọ àti gèlè nìkan. Wọ́n ń dáwó, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ fún ìlú. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé, bí ẹ bá ń kọ mẹ́ta ti káńsù, ẹ kọ ìwé kejì fún ohun tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣe, kí ẹ fi lọ àwọn ẹgbẹ́.

Ọ̀dọ́Igbó · 11:31 àárọ̀

Ibi tó ń dùn mí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. A ó dáwó ra táńsífọ́mà, a ó dáwó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù, a ó dáwó gba ọ̀dẹ, a ó dáwó tún ọ̀nà ṣe kí mọ́tò oníṣẹ́ ìgbéyàwó lè kọjá. Ìgbà tí àwọn ẹgbẹ́ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, kí ni káńsù yóò fi owó wọn ṣe? A ti fi ọ̀làwọ́ Ìjẹ̀bú bá ìjọba jẹ́. Wọ́n mọ̀ pé bí àwọn ò bá ṣe é, a ó ṣe é.

ÌtànÌjẹ̀bú · 11:44 àárọ̀

N kò ní bá ọ jiyàn lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí omi ń wọlé tọ̀ lálẹ́ kò lè dúró de ìdájọ́.

Nọ́ọ̀sìRẹ́mọ · 1:20 ọ̀sán

Ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbà mí láyè. Ilé ìlera alábọ́ọ́dé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n kò ní sọ ibẹ̀. Wọ́n kùn wá láìpẹ́ yìí, wọ́n fi táìsì sílẹ̀, bọ́ọ̀hóòlù wà, pátákó tó ní orúkọ nínú wà ní iwájú. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ la ń ti ilẹ̀kùn. Aboyún kì í wo aago. Ẹni tó bá rọbí lóru, kó wá ọ̀kadà dé ilé ìwòsàn ńlá ní Ṣàgámù, tàbí kó lọ bá ìyá kan ládùúgbò. Mo bẹ Akọ̀wé, tí ẹ bá fẹ́ kọ "ilé ìlera", ẹ má kọ ilé. Ẹ kọ ènìyàn. Nọ́ọ̀sì kan sí i, a lè máa ṣí lóru.

BàbáFẹ̀yìntì · 2:05 ọ̀sán

Ọmọ mi, o ti sọ ohun tó wà lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n ibì kan wà tí yóò ti há. Káńsù fúnra wọn kò lè gba nọ́ọ̀sì. Àwọn òṣìṣẹ́ kékeré, ìpele kìíní sí ìkẹfà, ni wọ́n lè gbà. Láti ìpele keje lọ, ìgbìmọ̀ tó ń gba òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ ló ni í. Nọ́ọ̀sì ju ìpele kẹfà lọ.

Kí ló ń dá yín dúró láti sùn síbẹ̀ lóru? Ẹ̀rù ni, àbí ènìyàn ni?

Nọ́ọ̀sìRẹ́mọ · 2:18 ọ̀sán

Méjèèjì ni, Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló kọ́kọ́. Kò sí ọ̀dẹ, fẹ́ǹsì ti wó lápá ẹ̀yìn, iná kò sì dúró ṣinṣin. Èkejì mi ń ti ọ̀nà jíjìn wá torí kò rí yàrá háyà nítòsí. Bí àwọn yẹn bá kúrò níbẹ̀, àwa tó wà nílẹ̀ yìí lè máa pín òru, kódà bí kò ṣe gbogbo ọjọ́.

BàbáFẹ̀yìntì · 2:40 ọ̀sán

Ọ̀dẹ, ìpele tí káńsù lè gbà síṣẹ́ ni. Fẹ́ǹsì, iṣẹ́ káńsù ni. Owó yàrá fún nọ́ọ̀sì kan, wọ́n lè rí i. Ẹ rí i báyìí? Ẹ má béèrè "kí wọ́n tún ilé ìlera wa ṣe", wọ́n á tún wá kùn ún. Ẹ béèrè ọ̀dẹ, fẹ́ǹsì ẹ̀yìn àti yàrá kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni gọ́tà. Ẹ jẹ́ kí n túdìí ọ̀rọ̀ bọ́jẹ́ẹ̀tì fún yín. Ọ̀nà méjì ló pín sí: owó ìnáwó ojoojúmọ́ àti owó iṣẹ́ àkànṣe. Iná sólà, bọ́ọ̀hóòlù, kíláàsì tuntun, iṣẹ́ àkànṣe ni wọ́n. Agbaṣẹ́ṣe wà níbẹ̀, pátákó wà níbẹ̀, ọjọ́ ìṣíde wà níbẹ̀, alága á gé ríbọ́nù. Kíkó gọ́tà, owó ọ̀dẹ, epo dísẹ́ẹ̀lì tí tipa yóò mu, bátìrì tí wọ́n máa fi pààrọ̀ èyí tó kú nínú iná sólà, gbogbo ìyẹn ìnáwó ojoojúmọ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń gé ríbọ́nù fún ẹrẹ̀. Bí owó bá sì ti dín láàárín ọdún, apá ibẹ̀ yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ ń ké. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ké e.

Ọ̀dọ́Igbó, iná tó o fẹ́ yẹn, bi wọ́n pé ta ló máa pààrọ̀ bátìrì. Bátìrì ló máa ń kọ́kọ́ kú, òpó á wà ní ìdúró.

Ọ̀dọ́Igbó · 3:02 ọ̀sán

Bàbá, mo gbà. Òpó mẹ́ta wà ní iwájú ilé wa báyìí tí a ń sá aṣọ sí. Ṣùgbọ́n n kò yí ọ̀rọ̀ mi padà lórí ọjà àti gáréèjì. Ibi méjì yẹn, kí iná wà níbẹ̀, kí àwọn ọlọ́jà àti awakọ̀ sì máa mójú tó o.

ÌyáOnígàrí · 3:30 ọ̀sán

Ọ̀rọ̀ gọ́tà kan wà tí ẹ ò tíì sọ. Ní ọdún kan, àdúgbò tó wà lókè wa rí ojú rere ẹnì kan, wọ́n kó gọ́tà tiwọn mọ́ tónítóní, wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí i. Tiwa kò yí padà. Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Omi tó máa ń dúró pẹ́ lọ́dọ̀ wọn wá ń sáré dé ọ̀dọ̀ wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé tí omi kò wọ̀ rí, omi wọ̀ ọ́. Wọ́ọ̀dù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa. Káńsẹ́lọ̀ tiwọn ní òun ti ṣe tòun. Tiwa ní owó òun kò tíì jáde.

Omi kò mọ ibi tí wọ́ọ̀dù pin sí o.

BàbáFẹ̀yìntì · 4:15 ìrọ̀lẹ́

Ìyá wa, ẹ ti fọwọ́ kan egbò ibẹ̀. Àrùn tó ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì káńsù jù lọ nìyẹn, ó tilẹ̀ ju olè jíjà lọ ní ojú tèmi: pínpín dọ́gba. Káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ mú nǹkan délé. Alága kò fẹ́ ìjà. Nítorí náà wọn ò ní yàn. Wọ́n á mú owó gọ́tà ọdún yẹn, wọ́n á gé e sí iye wọ́ọ̀dù tó wà, wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan á gba gọ́tà tó tó ìdajì òpópónà. Kò sí èyí tó dé odò. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ní ibòmíràn. Sáà wọn sì rèé, ọdún mẹ́ta péré ni: wọ́n á fi ti àkọ́kọ́ mọ ojú ọ́fíìsì, ìkẹta ìbò ti ń bọ̀.

Akọ̀wé, ìwọ ni mo ń bá wí. Má ṣe mú ìwé rẹ lọ nìkan. Tọ omi gọ́tà yín láti òkè títí dé ibi tó ti bọ́ sínú odò, kó o wo CDA mélòó ló wà lójú ọ̀nà rẹ̀, kó o lọ bá àwọn akọ̀wé wọn. Bí wọ́ọ̀dù méjì tàbí mẹ́ta bá mú ohun kan náà wá sí ipò kìíní, káńsẹ́lọ̀ méjì tàbí mẹ́ta ni yóò dìde fún un ní ilé aṣòfin káńsù. Ìsàlẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n máa gòkè bọ̀. Kí ó sì parí kí oṣù kẹta tó wọlé, kí òjò àkọ́rọ̀ tó dé. Gọ́tà tí wọ́n bá kó ní oṣù kẹfà, fọ́tò ni wọ́n ń wá.

ỌmọMákun · 4:22 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ ṣe káńsẹ́lọ̀.

BàbáFẹ̀yìntì · 4:24 ìrọ̀lẹ́

Ìyàwó mi ti ka èyí tó o kọ yẹn, ó ní kí n sọ fún ọ pé rárá.

Akọ̀wéÀdúgbò · Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, 8:50 alẹ́

Ẹ kú ìdúró o. Mo ti lọ tọ omi. Láti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọjà, ó kọjá lábẹ́ ilé ẹnì kan tó kọ́lé lé e lórí pátápátá, ó sì já sí odò lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí. CDA mẹ́ta ni, wọ́ọ̀dù méjì. Akọ̀wé kan gbà lójú ẹsẹ̀. Ìkejì ní àwọn ti kọ táńsífọ́mà sí ipò kìíní. Mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá sí i létí látinú fóònù, ó gbé gọ́tà gòkè, ó ní kí táńsífọ́mà wà ní ipò kejì, torí alága CDA wọn ló fẹ́ ẹ. N kò bá a jà.

Ìpàdé wa dìde lórí mẹ́ta báyìí: èkíní, gọ́tà yẹn láti odò wá sókè, ẹrẹ̀ kò gbọdọ̀ sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó parí kí oṣù kẹta tó wọlé; èkejì, ọ̀dẹ àti fẹ́ǹsì ẹ̀yìn fún ilé ìlera, pẹ̀lú yàrá kan fún nọ́ọ̀sì; ẹ̀kẹta, iná sí ọjà àti gáréèjì nìkan, pẹ̀lú owó bátìrì nínú ìnáwó ojoojúmọ́. Pápá ìṣeré bọ́ sẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ kan sì bínú jáde. Ọ̀rọ̀ ayálégbé tí ÌyáOnígàrí sọ náà, mo gbé e kalẹ̀. Wọ́n gbà pé kí méjì nínú wọn wọ ìgbìmọ̀, lẹ́yìn tí bàbá kan ti pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há.

Káńsẹ́lọ̀ ka ìwé náà níwájú wa. Iná ló kọ́kọ́ bọ́ sí i lójú, ó bi wá pé ṣé a kò fẹ́ òpó mẹ́wàá. Ní ti gọ́tà, ó ní òun mọ̀ pé ó ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n "kò ní í hàn". Olórítún wo ojú rẹ̀, ó ní: "Bí omi bá wọ ilé wa lọ́dún tí a ó dìbò, yóò hàn." Ó rẹ́rìn-ín, ó bu ọwọ́ lu ẹ̀dà tiwa.

Ti ilé tó wà lórí gọ́tà yẹn ló kù. Kò sẹ́ni tó fẹ́ lọ bá onílé.

BàbáFẹ̀yìntì · 9:14 alẹ́

Ẹ má lọ bá a. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé náà pé ọ̀nà omi dí ní ibi báyìí, kí ẹ̀ka iṣẹ́ wá wọ̀n ọ́n. Àwọn ló ni agbára àtikọ lẹ́tà sí i. Bí ẹ̀yin bá lọ, ìjà àdúgbò ló máa dà. Kí ẹ sì ní kí akọ̀wé ilé aṣòfin káńsù fún yín ní ẹ̀dà bọ́jẹ́ẹ̀tì nígbà tó bá kọjá. Ẹ wá gọ́tà yín nínú rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i níbẹ̀, ẹ padà tọ ẹni tó bu ọwọ́ lu ìwé lọ.

ÌyáOnígàrí · 9:30 alẹ́

Akọ̀wé, o ṣeun. Àwa ọlọ́jà á kó pákó wa kúrò, mo ti bá wọn sọ ọ́, ìyá ọjà náà ti gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀ fún wa ṣáájú. Kí wọ́n má sì wá lọ́jọ́ ọjà, torí lọ́jọ́ yẹn, pákó kò ní kúrò.

Akọ̀wéÀdúgbò · 9:36 alẹ́

Mo ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé náà, màmá: kí wọ́n fi tó wa létí ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, kó má sì bọ́ sí ọjọ́ ọjà.